Katakata Lẹ́nu Ọgbà Ilé Àtijọ́

Ẹ sún mọ́hìn-ín, ẹ̀yin ọmọ mi, kí ẹni tó jókòó lẹ́yìn má wáá máa bi ará iwájú pé kí ni mo wí. Garifaliá ni mo fẹ́ sọ fún yín, obìnrin erékùṣù Kírétè, nílẹ̀ Gíríìsì, tó fi ara dínà fún katakata.

"Kúrò níbẹ̀, Ìyá Manousos!"

"N kò kúrò."

"Mo ní kúrò! Irin ò mojú ẹnìkan!"

Ẹ̀rọ ń bú ramúramù, eruku ń sọ lálá, Garifaliá sì dúró gbagidi níbi tí wáyà ọgbà ti ya. Vardís ló wà lórí katakata. Òun ló gbé Manousos, ọmọ Garifaliá, lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí àlùfáà rì í bọmi. Bàbá ìsàmì ọmọ náà ni. Lábúlé wọn, bàbá ìsàmì ọmọ ẹni ju ọmọ ìyá ẹni lọ. Ẹni tó bá fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, kò sí tábìlì tí wọ́n ti máa bu oúnjẹ fún un mọ́.

Bẹ́ẹ̀, Garifaliá ni ìjọba fi ṣọ́ ilé àtijọ́ tó wà nínú ọgbà náà. Ilé oko ọlọ́rọ̀ kan ni láyé ijọ́un, kí ẹnikẹ́ni tó máa ka ọdún. Apá kan ti hàn síta: ògiri tó kù dé orúnkún, ìkòkò òróró tó ga tó ènìyàn, ọpọ́n òkúta tí wọ́n ti ń fẹsẹ̀ fún èso àjàrà. Apá kejì ṣì wà nínú ilẹ̀, ẹnikẹ́ni kò tíì hú u. Orí ibẹ̀ gan-an ni Vardís fẹ́ gbà. Bó bá gbà á, ó parí nìyẹn. Ta ni yóò tún ògiri náà mọ bí àwọn tó kọ́kọ́ mọ ọ́n?

"Òjò ọdún tó kọjá ló wó òkè dí ọ̀nà mi!" Vardís pariwo. "Ọkọ̀ omi ò lè gòkè, ólífì mi ń gbẹ lórí ìdúró! Mo bẹ àwọn ọ̀gá rẹ, wọ́n ní kí n ní sùúrù. Ṣé igi ń mu sùúrù ni?"

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá gun ibí, mo gbọ́dọ̀ pe ọlọ́pàá. Má jẹ̀ẹ́ kí n pè wọ́n. Manousos ni mo fi bẹ̀ ọ́."

"Pè wọ́n!"

Irin iwájú katakata sún wá, ó kù díẹ̀ kó kan síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Fóònù wà lọ́wọ́ Garifaliá, àtàǹpàkò rẹ̀ ti wà lórí rẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń ká àjàrà lóko tòsí ti sáré dé. Thékla, ìyá Vardís, ló ṣíwájú wọn, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìkòkò oúnjẹ.

"Vardís! Ṣé ìyá ọmọ tí o gbé ṣe ìsàmì lo fẹ́ tẹ̀ pa ni, àbí oòrùn ti wọ̀ ọ́ lágbárí?"

"Màmá, ẹ má dá sí i."

"Màá dá sí i! Ìwọ tí o ò lè gun kẹ̀tẹ́kẹ́tẹ́ kó má yà sọ́gbà ọlọ́gbà!"

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Ojú Vardís wáá le sí i. Garifaliá rí i pé ó fẹ́ tẹ iná. Kò tẹ fóònù. Ó la ẹnu, ó kọrin:

*"Òkúta yìí ti ń sùn kó tó di pé a bí baba ńlá wa,*
*Bí o bá fọ́ ọ lónìí, kí la ó fi han ọmọ wa?"*

Ẹ gbọ́ ná: láàárín wọn, ẹni tí wọ́n bá kọrin sí lójú, orin ló gbọ́dọ̀ fi dáhùn. Ẹni tó bá fi ọwọ́ dáhùn, wọn yóò fi ṣẹ̀sín títí wọn yóò fi sin ín. Vardís pa ẹ̀rọ. Ó ronú, ó sì gbé e:

*"Ògiri tó sùn sínú ilẹ̀ kì í jẹun, kì í mumi,*
*Èmi tí òùngbẹ ń gbẹ igi mi lókè, ta ló ń ṣọ́ tèmi?"*

"Háà! Ó dá a lóhùn!" Kódà àwọn tó wà lẹ́yìn Garifaliá pàtẹ́wọ́. Garifaliá mọ̀ pé òótọ́ ni ọkùnrin náà kọ. Vardís tún na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ.

"Dúró," Garifaliá wí jẹ́jẹ́. "O borí mi. Mi ò lórin mọ́."

Ó yíjú, ó wọ inú ọgbà àjàrà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà náà, èyí tí bàbá rẹ̀ gbìn kó tó kú. Èso ti pọ́n, ó sì kún orí igi. Ó di igi tí wọ́n fi gbé àjàrà àkọ́kọ́ ró mú, ó mì í, ó fà á, ó fà á títí ó fi tú.

"Gba ibí."

Vardís wò ó. "Àjàrà bàbá rẹ nìyẹn."

"Mo mọ àjàrà bàbá mi. Wọ́n ti gbẹ́ ibí wò, erùpẹ̀ lásán ló wà nísàlẹ̀. Ibí jẹ́ tèmi, mo lè fi ta ọ́ lọ́rẹ. Tọ̀hún kì í ṣe tèmi, kì í sì í ṣe tìrẹ."

Ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀. Ó tú aṣọ dúdú tí àwọn ọkùnrin ibẹ̀ máa ń wé mórí, ó fi nu ojú. Ó ní, "Mi ò ní gun èso. Ẹ jẹ́ ká ká a ná."

Ni gbogbo wọn bá bọ́ sí i, ọwọ́ ń yá, orin ń lọ. Lẹ́yìn náà katakata gba orí ìlà àjàrà tí wọ́n ti ká tán kọjá, ọkọ̀ omi sì tẹ̀lé e gòkè. Thékla ṣí ìkòkò rẹ̀: ìgbín dídín pẹ̀lú ọtí kíkan àti ewé olóòórùn dídùn ni; wọ́n gbé búrẹ́dì gbígbẹ sí i, àti rakí, ọtí líle wọn tó ń ta lọ́fun.

Vardís fúnra rẹ̀ ló bu ti Garifaliá. Ó bẹ̀rẹ̀ sétí rẹ̀. "Ṣé ó dùn ọ́?"

Garifaliá wo àwọn àjàrà tó dùbúlẹ̀, gbòǹgbò wọn kọjú sókè.

"Ó dùn mí o," ó ní. "Bu ìgbín sí i."

Ó bù sí i. Wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n yó. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, kálukú di àjàrà sínú apírọ́ọ̀nù, wọ́n gbalé lọ, ètè gbogbo wọn pupa fòò.