Tìróò Ọjọ́ Iṣẹ́ Abẹ

Kí ilẹ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà tó mọ́ rárá ló ti rẹ Waliyat. Láti ìgbà tí wọ́n ti rí i pé àárín ẹyinjú Mikail, ọmọ tuntun rẹ̀, funfun bí omi ògì, kò mọ̀ ju kó ti ilé wọn ní Bẹyẹrúnkà lọ sílé ìwòsàn, kó tún padà.

Dókítà Morádéyọ̀ ti ṣàlàyé fún un dáadáa. "Ìyá Mikail, dígí kékeré kan wà nínú ojú. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ló para pọ̀ di dígí ọ̀hún. Nínú oyún ni wọ́n ti máa ń palẹ̀ inú ara wọn mọ́. Gbogbo èlò tí wọ́n fi ń rí agbára, tí wọ́n fi ń tún ara wọn ṣe, wọ́n á fọ́ ọ túútú, kí ìmọ́lẹ̀ lè ráyè kọjá. Ti Mikail ò palẹ̀ mọ́ tán. A máa yọ dígí yẹn. Àmọ́ kò gbọdọ̀ pẹ́ o. Bí ọpọlọ ò bá tètè kọ́ bí wọ́n ṣe ń ríran, kò ní kọ́ ọ mọ́."

Sẹ́ẹ̀lì tó run gbogbo ohun tó ní kẹ́lòmíì lè ríran! "Èmi náà rèé," ni Waliyat sọ nínú ara rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ náà, Alhaja Sìdí, ìyá ọkọ rẹ̀, bá a wẹ ọmọ kó lè fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Nígbà tó jí, kò wojú ọmọ. Ó kàn gbà á pọ̀n, òun àti Alhaja sì gba ilé ìwòsàn lọ.

Dókítà ṣí aṣọ lórí ọmọ. Ojú méjèèjì pọ́n, wọ́n ń ṣomi, nǹkan dúdú sì wà ní kọ̀rọ̀ wọn.

"Ta ló fi tìróò sí i lójú?"

"Èmi ni," Alhaja dáhùn. "Gbogbo ọmọ ilé wa la máa ń lé e fún ká tó gbé wọn jáde. Mo ní kó wuyì lójú yín ni."

"A ò lè ṣiṣẹ́ abẹ sójú tó pọ́n báyìí. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ìyẹn bí ojú tó pọ́n yìí bá wálẹ̀."

Inú bí Waliyat gan-an. Ẹ̀rù sì ń bà á pé ọpọlọ ọmọ òun lè má dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Agbára àtipariwo ni kò ní.

Lẹ́nu géètì ilé ìwòsàn, Mikail figbe ta, ó ń fi ìkúùkù ra ojú. Alhaja káwọ́ sẹ́yìn, ẹ̀rù ò jẹ́ kí wọ́n tún fọwọ́ kàn án.

"Alhaja, ẹ bá mi gbé e."

"Èmi? Kí n gbé e?"

"Ẹ di ọwọ́ ẹ̀ mú, kó má ra ojú mọ́."

Kì í ṣe pé ó ti dárí ji Alhaja. Apá ló ń ro ó, kò sì sẹ́lòmíì tó lè gbé ọmọ náà fún.