Bẹ́ǹṣì Àjọkẹ́

Ìda oyin tó pò mọ́ ọ̀dà láti fi ya àwòrán ti yọ́ nínú agolo lórí sítóòfù. Ọláníran ki búrọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́, ó fi kun pátákó kíákíá, nítorí ìda kì í dúró de ẹnikẹ́ni: bó bá tutù, á dì, bó bá gbóná jù, á jó. Ọgbọ̀n ọdún ló fi kọ́ àwọn ọmọ Lálùpọn ní iṣẹ́ ọnà kó tó fẹ̀yìn tì, síbẹ̀ àwọn kan ṣì rò pé àbẹ́là ló ń ṣe. "Ó dáa o, Tíṣà," ni wọ́n máa ń wí, wọn a sì bá tiwọn lọ.

Lọ́sàn-án yìí ni ọkọ̀ ń bọ̀ láti Ìbàdàn wá gbé àwòrán náà lọ síbi àfihàn. Bẹ́ǹṣì abẹ́ igi káṣú ló yà, bó ṣe máa ń rí i láti ojú fèrèsé yàrá iṣẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú Àjọkẹ́ ìyàwó rẹ̀, ìyá Sanmí ọmọ wọn, lórí rẹ̀. Ó ti lé lọ́dún kan tí Àjọkẹ́ ti kú. Ìgbà mẹ́fà ni Ọláníran ti fi ìda bo ojú rẹ̀ nínú àwòrán náà, tó tún un yà. Ó wù ú kí ẹnì kan ṣoṣo wo àwòrán náà dáadáa kí wọ́n tó gbé e lọ.

Hàjàrá aládùúgbò, tó ń yan gàrí, wọlé wá dá abọ́ padà. Ó rí àwòrán náà, ó fa àpótí, ó jókòó, ó ń wò ó títí omi fi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Màmá Sanmí nìyí. Kí ni wọ́n ń wò?"

"Ọ̀nà ni. Ó máa ń gba atẹ́gùn níbẹ̀ nírọ̀lẹ́, á máa wo èrò."

"Ọ̀nà kẹ̀? Tíṣà, ẹ ti jókòó síbẹ̀ rí?"

Kò jókòó síbẹ̀ rí. Àjọkẹ́ a pè é pé oúnjẹ ti délẹ̀, òun a dáhùn pé, "Mò ń bọ̀, ìda á jó."

Nígbà tí Hàjàrá lọ, Ọláníran jáde láìrántí sítóòfù, ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì náà. Ó gbójú sókè láti wo ọ̀nà, ògiri tí òun fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n mọ yí ilé ká ló rí. Ohun kan ṣoṣo tó kọjú sí bẹ́ǹṣì náà ni fèrèsé yàrá iṣẹ́ rẹ̀, níbi tí òun máa ń dúró ṣiṣẹ́ sí. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Òun tún ojú náà yà nígbà mẹ́fà, kò rí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀.

Ọkọ̀ fọn fèrè níta. "Tíṣà, a ti dé o!"

Òórùn ìda tó ń jó gba ojú fèrèsé jáde. Ọláníran gbọ́ fèrè, ó sì gbóòórùn ìda. Kò dìde.