Ó-ti-parí àti Ìkànnì Oníṣègùn Eyín

Ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń kọ́ ìkànnì orí íńtánẹ́ẹ̀tì fún àwọn oníbàárà, ọkùnrin kan wà tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ó-ti-parí. Kì í ṣe ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yìí o, ẹnu ara rẹ̀ ló fi fà á. Bí ọ̀gá bá fún un níṣẹ́ láàárọ̀, kí tíì tó tutù lórí tábìlì, á ti na apá sókè, á yán, á ní, "Ó ti parí." Bí ẹ bá wá bi í pé ṣé ó ti dán an wò, á wò yín bí ẹni tí ẹ bi léèrè bóyá ó bọ́jú kó tó jáde nílé. "Mo tẹ̀ ẹ́, ó lọ. Kí lẹ tún fẹ́?"

Kì í ṣe pé kò gbọ́n. Ẹ jẹ́ ká má purọ́ mọ́ ọn. Ọwọ́ rẹ̀ yá lórí kọ̀ǹpútà ju ẹnu rẹ̀ lọ, ẹnu ọ̀hún gan-an kò sì lọ́ra. Ohun tí kò ní ni sùúrù. Ẹni tó bá sì fẹ́ bùn ún nínú tirẹ̀, ọ̀tá ló máa ń kà á sí.

Ọ̀tá náà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, nítòsí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí kì í yé jẹ bébà. Obìnrin ni, ó ju Ó-ti-parí lọ lọ́jọ́ orí, ìdánwò sì ni iṣẹ́ tirẹ̀: ohun tí àwọn yòókù bá kọ́, òun ló ń wá ibi tó ti máa bàjẹ́, kí oníbàárà má bàa jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa débẹ̀. Jẹ́-n-wò-ó ni wọ́n ń pè é. Dúróò tábìlì rẹ̀ kún fún fóònù àlòkù: èyí tójú rẹ̀ ti fọ́, èyí tí bátìrì rẹ̀ ti wú, èyí tó kéré bíi páálí ìṣáná. Orí wọn ló ti ń wo gbogbo iṣẹ́ kó tó jẹ́ kó jáde. Ó-ti-parí máa ń pe dúróò yẹn ní itẹ́ òkú.

Lọ́jọ́ kan, oníṣègùn eyín kan gbé iṣẹ́ wá. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, kì í gbé ohùn sókè. Ó fẹ́ ìkànnì tí àwọn aláìsàn á ti máa yan ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ wá rí i, kí ìlà tó ń nà dé ẹnu géètì rẹ̀ lè kúrú díẹ̀. Wọ́n gbé e fún Ó-ti-parí. Ó kọ́ ọ, ó sì rẹwà, ká má ṣe yan án jẹ. Eyín funfun kan wà lójú ìwé àkọ́kọ́, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Bí èèyàn bá fọwọ́ kàn án, á ṣẹ́jú. Eyín tó ń ṣẹ́jú! Odindi ọjọ́ kan ni arákùnrin yìí fi kọ́ eyín bí wọ́n ṣe ń ṣẹ́jú. Ibi tí aláìsàn ti máa yan ọjọ́ ńkọ́? Ìyẹn ò gbà á ju ìgbà tó fi mu omi lọ.

"Gbé e wá kí n wò ó," ni Jẹ́-n-wò-ó wí.

"Àǹtí, ó ti parí."

"Mo gbọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó o gbé e wá."

"Mo ti dán an wò fúnra mi. Mo kọ orúkọ, mo yan ọjọ́, mo tẹ bọ́tìnnì, ó ní 'A ti gbà yín.' Kí ló tún kù?"

"Orúkọ ta lo kọ?"

"Orúkọ mi ni."

"Ọjọ́ wo lo yàn?"

"Oṣù tó ń bọ̀."

"Orí kí lo ti ṣe é?"

Ó-ti-parí nawọ́ sí kọ̀ǹpútà rẹ̀, èyí tójú rẹ̀ fẹ̀ tó fèrèsé.

"Ó yé mi," ni obìnrin náà wí. "Bí gbogbo aláìsàn dókítà bá ti jẹ́ ìwọ, tí wọ́n jókòó sórí àga rẹ, tí wọ́n ń lo kọ̀ǹpútà rẹ, tí eyín kankan ò sì dùn wọ́n, a jẹ́ pé ìkànnì yìí ò ní àléébù kankan. Àbúrò mi, ìwọ ń dán an wò kó o lè rí i pé ó dára. Èmi ń dán an wò kí n lè rí ibi tí kò ti dára. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ niṣẹ́ méjèèjì. Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀."

Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni Ó-ti-parí gbà lọ, ó ní Àǹtí tún ti fẹ́ fa iṣẹ́ sẹ́yìn.

Ọ̀gá yìí jẹ́ ẹni tó gbà pé ìdánwò ṣe pàtàkì gan-an. Kò sí ìpàdé tí kì í ti í sọ ọ́. Ohun tí kò gbà ni pé kó gba àkókò. Ó ní kí wọ́n ṣí ìkànnì fún dókítà ná, tó bá yá, Jẹ́-n-wò-ó á wò ó. Ẹni tó bá sì ti bá ọ̀gá yẹn ṣiṣẹ́ rí mọ̀ pé "tó bá yá" ò sí nínú kàlẹ́ńdà ọdún kankan. Wọ́n ṣí ìkànnì. Wọ́n gbé iṣẹ́ mìíràn fún Jẹ́-n-wò-ó. Kò jà, kò sì jiyàn, ó kàn wo eyín tó ń ṣẹ́jú náà, ó ní, "Ó kúkú dùn ún wò."

Ó-ti-parí àti ìyá rẹ̀ nìkan ni wọ́n jọ ń gbé; báńkì ló sọ fún un pé òun ń bá ṣiṣẹ́. Màmá yìí ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò tíì fẹ̀yìn tì: ó lè bá ọmọ rẹ̀ wí láti yàrá dé ilé ìdáná láìmí. Nígbà tó yá, ẹnu náà dédé dákẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ búrẹ́dì sínú tíì kó tó jẹ ẹ́, ó ń fi ìborùn bo ẹ̀rẹ̀kẹ́, bí ọmọ rẹ̀ bá sì sọ̀rọ̀, ọwọ́ ló fi ń dá a lóhùn. Ó-ti-parí rò pé inú ló ń bí i, nítorí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn tó ti ṣèlérí pé òun á tún ṣe láti ìgbà òjò.

"Mọ́mì, ṣé kò sí nǹkan?"

Ìyá rẹ̀ mirí: kò sí nǹkan. Ọmọ ní ó dáa, ó padà sídìí fóònù rẹ̀. Bó ṣe dán ìkànnì wò náà ló ṣe dán ìyá tó bí i wò: ó bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo, ó gba ìdáhùn tó wù ú, ó lọ.

Kò pẹ́ tí dókítà pe ọ̀gá lórí fóònù. Bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ náà ló ṣe sọ ọ́. Ó ní ìlà ẹnu géètì òun ò kúrú, àfi kó gùn sí i, àti pé ní báyìí, fóònù ni gbogbo wọn nà sókè tí wọ́n ń bínú sí i. "Mi ò bá yín jà o. Mo kàn fẹ́ kí àwọn tó kọ́ ọ wá jókòó lọ́dọ̀ mi, kí wọ́n fojú ara wọn wo bí àwọn èèyàn ṣe ń lò ó."

Nínú ọkọ̀, Ó-ti-parí ń rojọ́. "Ìkànnì ò ṣe nǹkan kan. Àwọn èèyàn yẹn ni ò mọ̀ ọ́n lò."

"Òótọ́ ni," ni Jẹ́-n-wò-ó dáhùn. "Ká bá dókítà wá àwọn èèyàn mìíràn."

Ọ̀gá ṣe bí ẹni pé ọ̀nà lòun ń wò.

Yàrá tí àwọn aláìsàn ti ń dúró ò tóbi. Àga oníke ló kún ibẹ̀, òórùn oògùn ìfọnu gba afẹ́fẹ́ kan, gbogbo èèyàn sì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú bí ẹni tó ń fetí sí rédíò. Dókítà ní kí àwọn onímọ̀ jókòó sẹ́yìn òpó tó wà nítòsí ẹnu ọ̀nà. Jẹ́-n-wò-ó tẹnu mọ́ òfin kan ṣoṣo: ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ran aláìsàn lọ́wọ́, wíwò ni wọ́n wá wò. "Ìwọ gan-an," ló sọ fún Ó-ti-parí, "di ọwọ́ rẹ sẹ́yìn."

Bíríkìlà kan ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú. Àtàǹpàkò rẹ̀ tó ṣíbí ọbẹ̀. Ó rọra kọ orúkọ rẹ̀, ó rọra kọ nọ́ńbà rẹ̀, ó wá fẹ́ tẹ ibi tí wọ́n kọ "Ẹ gbà á" sí. "Ẹ pa á rẹ́" wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́, bí ìbejì. Àtàǹpàkò bo méjèèjì. Gbogbo ohun tó kọ pòórá, eyín funfun náà yọ, ó ṣẹ́jú sí i.

Ara Ó-ti-parí ò gbà á mọ́. "Ẹ fi ìka tó kéré tẹ̀ ẹ́!"

Bíríkìlà gbé ọmọńdinrín rẹ̀, tó nípọn bí àtàǹpàkò ẹlòmíràn, sókè, ó yẹ̀ ẹ́ wò tìyanutìyanu. "Ọ̀gá, èyí tó kéré jù nìyí."

Jẹ́-n-wò-ó wú ikọ́ kan tí kì í ṣe ikọ́.

Lẹ́yìn náà ni dókítà pe màmá àgbàlagbà kan tó fi ìborùn di ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí màmá náà ṣe yíjú síbi ìmọ́lẹ̀, Ó-ti-parí dá a mọ̀. Ìyá rẹ̀ ni. Òpó ò jẹ́ kí ìyá rí ọmọ rẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ kú ìrora," ni dókítà wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é bí ẹ ṣe ṣe é nílé."

"Ṣé kí n tún un ṣe ni?" Apá kan ẹnu ni màmá fi ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n apá kan náà tó. "Ó dáa. Mo kọ orúkọ mi, ó ní orúkọ mi gùn jù. Orúkọ tí bàbá mi sọ mí! Mo gé e kù, torí eyín. Ó ní kí n yan ọdún tí wọ́n bí mi. Mo ń yí i sẹ́yìn, mo ń yí i sẹ́yìn, ó dúró gbọn-in, ó ní kò sọ́dún kankan mọ́. Àṣé wọn ò tíì máa bímọ láyé ìgbà tiwa! Mo mú ọdún tó kẹ́yìn tó fún mi, bí mo ṣe di ẹgbẹ́ àbúrò mi àbíkẹ́yìn nìyẹn. Mo wá tẹ ọjọ́ tí mo fẹ́. Ó ní 'A ti gbà yín.' Mo dúpẹ́. Ìgbà tí mo débí, ọmọbìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà ní ọjọ́ tí wọ́n fún mi ti kọjá lọ́sẹ̀ tó lọ. Kí n wá ṣe é báwo? Kí n sá tẹ̀ lé e?"

Àwọn aláìsàn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú nítorí ẹ̀rín náà dùn wọ́n.

"Mo padà sílé, mo tún un ṣe, ọjọ́ tó ti lọ ló tún gbé fún mi. Inú ìrora ni mo wà o, eyín wọn ń ṣẹ́jú sí mi!" Màmá gbé fóònù sórí tábìlì. "Ta lọmọ tó ṣe nǹkan yìí gan-an? Ṣé kò ní ìyá nílé ni?"

Ọ̀gá gbójú sókè, ó ń wo àjà bí ẹni tó fẹ́ rà á. Òpó náà nípọn. Ẹni tó bá fẹ́ sá pa mọ́ sẹ́yìn rẹ̀ lè wà níbẹ̀ títí wọ́n á fi tilẹ̀kùn. Ó-ti-parí rò ó wò. Ó dìde.

"Ó ní, Mọ́mì."

Màmá yíjú, ó wò ó látòkè délẹ̀. "Ìwọ? Ìwọ tó o ní báńkì lo ń bá ṣiṣẹ́?"

"Mọ́mì, kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi pé eyín ń dùn yín?"

"Kí n sọ pé kí ni? Pé mo ti gọ̀ débi pé mi ò lè fi fóònù pe dókítà? Èmi tí mo kọ́ ọmọ aráyé níwèé! Mo rò pé bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni ò dáa. Mo rò pé èmi ni."

Ó-ti-parí lè fara da ẹ̀rín. Ọ̀rọ̀ yìí ni kò lè fara dà. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìyá rẹ̀ níwájú bíríkìlà àti gbogbo èèyàn. "Ẹ má bínú. Kì í ṣe ẹ̀yin. Èmi ni."

Dókítà mú màmá wọlé lójú ẹsẹ̀, láìsí pé ìkànnì kankan gbà á láyè. Kí wọ́n tó yọ eyín náà tán, Jẹ́-n-wò-ó ti mú fóònù màmá, òun àti Ó-ti-parí ti jọ rí àṣìṣe náà. Lórí fóònù kékeré, kàlẹ́ńdà ń yọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀, tó fi jẹ́ pé ọjọ́ tó wà lókè èyí téèyàn tẹ̀ ló ń mú. Ọ̀sẹ̀ kan sẹ́yìn nìyẹn. Ẹni tó yan oṣù tó ń bọ̀ lè má fura. Ẹni tí eyín ń dùn, ọ̀la ló ń yàn.

"Ìkànnì rẹ ò sì kọ̀ láti gba ọjọ́ tó ti kọjá," ni Jẹ́-n-wò-ó wí.

"Mo rò pé ta ló máa yan ọjọ́ tó ti kọjá?"

"Màmá rẹ."

Wọ́n ti ìkànnì pa títí tí wọ́n fi tún un ṣe. Iṣẹ́ náà ò sì lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìgbà tí wọ́n tún kàlẹ́ńdà ṣe, ibi orúkọ bàjẹ́. Ìgbà tí wọ́n tún orúkọ ṣe, bọ́tìnnì bíríkìlà ṣíkúrò lójú ìwé pátápátá. Lẹ́yìn àtúnṣe kọ̀ọ̀kan, Jẹ́-n-wò-ó á ní kí wọ́n tún gbogbo rẹ̀ dán wò láti ìbẹ̀rẹ̀, títí kan èyí tó ti dáa lánàá. Ó-ti-parí kùn, ó sì tún kùn, àmọ́ ó ṣe é. Ó tiẹ̀ kọ àwọn ìdánwò kéékèèké tí kọ̀ǹpútà á máa dá ṣe fúnra rẹ̀, kí kíkùn tirẹ̀ lè dín kù. Ọ̀gá náà ò kẹ̀rẹ̀: nínú ìpàdé, ó ṣàlàyé fún gbogbo wọn bí òun ṣe ronú kan án pé ó yẹ kí àwọn aláìsàn fúnra wọn dán ìkànnì wò. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Jẹ́-n-wò-ó pàtẹ́wọ́ jù.

Ìlà ẹnu géètì dókítà kúrú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ màmá tó wú lọ sílẹ̀, ohùn rẹ̀ sì padà wálé, pẹ̀lú èlé. Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, ó jókòó ti ọmọ rẹ̀ ní pálọ̀, ó ń tẹ fóònù, ojú rẹ̀ le koko.

"Àwọn oníná mọ̀nàmọ́ná yìí, ta ló ṣe ìkànnì tiwọn?"

"Mi ò mọ̀ wọ́n, Mọ́mì."

"Wádìí ibi tí ọ́fíìsì wọn wà. Mo lọ́rọ̀ tí mo fẹ́ bá wọn sọ."

Ọmọ rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Ìgbà tó gbójú sókè, màmá ti ń wọ bàtà.