Jákẹ́ẹ̀tì Méjìdínlógún Nínú Ìkòkò Aró

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá ọdún 2017, ọjọ́ Sátidé, ènìyàn mẹ́tàlélọ́gọ́ta gbé ìbọn ìṣeré wá sínú igbó tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn abúlé Kivi, ní àríwá Ontario, láti fi eré ogun wá mọ́tò fún àwọn aláìsàn. Kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù, Marlys Hakala, ẹni tó pè wọ́n jọ, ti rí i pé òun ti ṣe àṣìṣe. Mọ́kànléláàádọ́ta nínú wọn ló wọ aṣọ aláwọ̀ iyanrìn. Méjìlá péré ló wọ aláwọ̀ ewé.

Ìwé tí Marlys lẹ̀ mọ́ ara ilé ìtajà kò lọ́jú pọ̀ rárá. Ó ní kí oníkálùkù wọ aṣọ ṣọ́jà alábàwọ́n tó bá ní. Ẹni tó bá wọ àwọ̀ ewé, kó bọ́ sí ẹgbẹ́ ewé. Ẹni tó bá wọ àwọ̀ aṣálẹ̀, kó bọ́ sí ẹgbẹ́ iyanrìn. Ó rò pé wọn yóò pín sí méjì fúnra wọn bí ìgbà tí èèyàn bá la obì. Ohun tí kò rò ni pé ọmọ igbó ni gbogbo wọn. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ nínú wọn pé bó bá ti di àárín oṣù kẹwàá, ewé igi á ti pọ́n bí ìyeyè, koríko á ti gbẹ, gbogbo igbó á sì ti di aláwọ̀ kìnnìún. Oníkálùkù jókòó sílé rẹ̀, ó gbọ́n ọgbọ́n yìí, ó wá jákẹ́ẹ̀tì aṣálẹ̀ kan rà, ó sì pa ẹnu mọ́ kí aládùúgbò rẹ̀ má baà gbọ́. Ọgbọ́n kan ṣoṣo ni èèyàn àádọ́ta ń fi pamọ́ fún ara wọn.

Garnet Pelletier, tó ń wa ọkọ̀ agégẹdú, ni olórí ẹgbẹ́ iyanrìn. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ilẹ̀kùn mọ́tò rẹ̀ mú.

"Marlys, àbúrò mi, èyí kì í ṣe ogun mọ́, ìparun ni! Ẹ bá mi wo àwọn méjìlá yìí. Wọ́n dà bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n gbàgbé sóko."

"Ẹ̀fọ́ yìí ló máa há ẹ lọ́fun lónìí," obìnrin kan dá a lóhùn láti inú ẹgbẹ́ ewé.

Nínú àwọn méjìlá náà, ọ̀kan kò tilẹ̀ dájú. Desmond, olùkọ́ ilé ìwé, wọ ẹ̀wù tó ní ewé, igi àti iyanrìn lára pọ̀. Ẹgbẹ́ méjèèjì ti fà á lọ́wọ́ ọ̀tún àti lọ́wọ́ òsì kí ó tó ráyè sọ̀rọ̀.

"Ìyá mi ló rà á fún mi o," ó ní. "Ẹ ṣáà pín mi sí méjì."

Ó bọ́ sí ẹgbẹ́ ewé nígbẹ̀yìn, nítorí pé àánú wọn ṣe é.

Marlys nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo àga méjì tó wà lábẹ́ àtíbàbà. Lórí ọ̀kan ni Toivo Sillanpää jókòó, àgbàlagbà ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, pẹ̀lú fèrè ọkọ̀ ojú omi lórí itan rẹ̀, nítorí òun ni yóò máa fun ún ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin eré. Lórí èkejì ni Burt Amundsen wà, ẹni tó ni ilé ìlagi. Amundsen ti ṣèlérí pé òun nìkan yóò ra mọ́tò náà, ṣùgbọ́n ó fi gbèdéke sí i.

"Mi ò fẹ́ eré àbọ̀, Marlys," ó ti sọ fún un ní oṣù kẹjọ. "Èsí, ẹ pe irú eré yìí, èèyàn mọ́kànlá ló wá. Wọ́n sáré fún wákàtí kan, wọ́n jẹ búrẹ́dì, wọ́n lọ sílé. Tọ̀tẹ̀ yìí, ọgbọ̀n lápá kan, ọgbọ̀n lápá kejì, títí aago mẹ́ta fi máa lù. Bó bá dín ẹyọ kan, kò sí mọ́tò."

Èèyàn tí í mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ ni, síbi tó dáa àti síbi tí kò dáa.

Marlys mọ ohun tí mọ́tò náà jẹ́. Kíndìnrín ìyá rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2010, àti láti ìgbà náà títí di oṣù kẹta ọdún 2012 ni Marlys fi ń fi ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ gbé e lọ síbi ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀ ní ìlú ńlá, àádọ́fà kìlómítà ní àlọ, àádọ́fà ní àbọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kìíní ọdún 2011, ọkọ̀ náà kú sójú ọ̀nà. Òtútù ọjọ́ náà fi ìwọ̀n méjìdínlógójì rẹlẹ̀ sí ibi tí omi ti ń di yìnyín. Wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n lò níbẹ̀. Marlys bọ́ bàtà ìyá rẹ̀, ó sì ki ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ ẹ̀wù ara rẹ̀, ní ikùn. Síbẹ̀, ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjì kò sàn mọ́. Ní báyìí, èèyàn márùn-ún ní Kivi ló ń rin ọ̀nà kan náà, Toivo sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni kò rí ọkọ̀ wọ̀ lọ ní ìgbà òtútù tó kọjá.

Nítorí náà, ó ní kí èèyàn méjìdínlógún kúrò nínú ẹgbẹ́ iyanrìn lọ sínú ẹgbẹ́ ewé. Wọ́n gbà. Ó lẹ téèpù ewé mọ́ wọn lápá, Toivo fun fèrè, eré bẹ̀rẹ̀: ẹgbẹ́ tó bá jí àsíá ọ̀tá gbé jù ló máa jáwé olúborí.

Kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ tí gbogbo rẹ̀ fi dàrú. Téèpù tó fẹ̀ bí ìka méjì, ta ló máa rí i láàárín igi? Jákẹ́ẹ̀tì nìkan ni oníkálùkù ń rí tó fi ń yìnbọn. Ẹgbẹ́ ewé ń yìnbọn lu ara wọn, ẹgbẹ́ iyanrìn ń kí ọ̀tá káàbọ̀ sínú ibùdó wọn. Ọta ìbọn yìí, hóró ike kékeré bí ẹ̀wà ni, kì í fi àmì sára aṣọ, ẹni tó bá bà ló gbọ́dọ̀ fi òtítọ́ inú pariwo "Ó bà mí!" kó sì jáde fún ìgbà díẹ̀ kó tó padà wọlé. Ní àárọ̀ yìí, "Ó bà mí!" gba gbogbo igbó, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó pa á. Ọkùnrin kan yìnbọn lu ìyàwó ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ẹ̀ẹ̀kan, mo ní àṣìṣe ni," ìyàwó náà wí, ó ń gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀mejì, mo ní ojú ń dùn ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta? Wàá fẹsẹ̀ rìn délé."

Toivo fun fèrè, gbogbo wọn dúró. Àwọn mẹ́ta kan ti ń kó ìbọn wọn sínú àpò. Amundsen wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Ìgbà náà ni Màmá Raili Koskela gbé búrẹ́dì dídùn jáde láti ilé ìdáná. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni, òun ló ń hun ìbọ̀sẹ̀ fún ìdajì abúlé, sáwúnà rẹ̀, yàrá pákó tí òkúta gbígbóná ń mú kó kún fún ooru, sì wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn gan-an. Ó gbọ́ ẹjọ́ náà tán, ó pòṣé.

"Aṣọ ló ń dà yín láàmú, téèpù lẹ wá ń lẹ̀. Ṣé ojú á máa dun èèyàn, kó máa fi oògùn pa ẹsẹ̀? Aró ewé wà nílé mi, mo fẹ́ fi pa aṣọ fèrèsé gbọ̀ngàn yìí láró ni. Ìkòkò ńlá ti ń hó ní sáwúnà láti àárọ̀. Ẹ bọ́ jákẹ́ẹ̀tì yín kẹ́ ẹ kó o wá."

Oníkálùkù fọwọ́ gbá àyà jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ jà lólè.

"Màmá, oṣù tó kọjá ni mo ra tèmi," ọ̀kan ní.

"Kò ní ṣí kúrò mọ́, àbí?" òmíràn béèrè.

"Aró tó bá ṣí, ṣé aró nìyẹn?" Màmá Raili dá a lóhùn. "Kò ní ṣí títí wàá fi kú, ìwọ yóò sì rẹwà nínú pósí."

Garnet nawọ́ sí Marlys. "Ẹni tó pe èèyàn wá sódò ló ń kọ́kọ́ bọ́ sómi. Ọ̀gá wa, ẹ ti tiyín bọ̀ ọ́ ká rí i!"

Ẹ̀rín ṣẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo ojú ló wà lára Marlys. Jákẹ́ẹ̀tì aṣálẹ̀ ni òun náà wọ̀, ó sì wà lára àwọn méjìdínlógún náà. Kì í ṣe èyí tó rà. Eino, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ló wọ̀ ọ́ ní Kandahar, ìlú aṣálẹ̀ tó wà lójú ogun, ní ọdún 2008, nígbà tó wà nínú iṣẹ́ ológun, ó sì wọ̀ ọ́ wálé. Jẹjẹrẹ pa á ní ọjọ́ kẹta oṣù kọkànlá ọdún 2014. Láti ọjọ́ náà ni jákẹ́ẹ̀tì náà ti wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn Marlys. Kò fọ̀ ọ́ rí. Òní ni ìgbà àkọ́kọ́ tó máa wọ̀ ọ́ jáde.

Ó yọ bírò àti ìwé orúkọ àwọn eléré kúrò nínú àpò. Ó tú bọ́tìnnì àkọ́kọ́, ó tú èkejì. Ó pẹ́ díẹ̀ lórí ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn náà ó bọ́ ọ, ó wọ sáwúnà lọ nínú ẹ̀wù òtútù tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó gba ọ̀pá lọ́wọ́ Màmá Raili, ó sì tẹ jákẹ́ẹ̀tì náà mọ́lẹ̀ sínú aró títí kò fi rí apá rẹ̀ mọ́.

"Ó kù mẹ́tàdínlógún," ó ní.

Garnet ṣí fìlà rẹ̀, torí ó mọ ẹni tó ni jákẹ́ẹ̀tì náà. Ó wá yíjú sí àwọn èèyàn rẹ̀, ó sì kígbe, "Ẹ ò gbọ́ ni? Ẹ bọ́ aṣọ! Èmi ò ní bọ́ tèmi, torí èmi ni mo máa yìnbọn lù yín!"

Ni wọ́n bá dà sínú sáwúnà. Obìnrin tó gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò bọ́ tirẹ̀, ó sì bọ́ ti ọkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn mẹ́ta tó ti di ẹrù tú ẹrù. Wọ́n ń fi ọ̀pá ro ìkòkò bí ẹni ń ro ọkà, wọ́n ń fún aṣọ lójú ọ̀nà, omi ewé ń ṣàn gba inú koríko lọ. Ọwọ́ Màmá Raili di ewé títí dé ìgúnpá. Òkúta gbígbóná sáwúnà gbẹ àwọn aṣọ náà díẹ̀, díẹ̀ náà ni. Bí wọ́n ṣe wọ̀ wọ́n ní tútù, ní gbígbóná, wọ́n bọ́ sínú afẹ́fẹ́ òtútù, ooru sì bẹ̀rẹ̀ sí í rú túú lára èèyàn méjìdínlógún.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá sá pamọ́ sẹ́yìn igi, ooru ń rú lórí igi náà bí ilé tí wọ́n ti ń dáná.

"Ẹ yìnbọn sí èéfín!" Garnet ń kígbe. "Ẹ yìnbọn sí ìkòkò ọbẹ̀ yẹn! Mo rí ìrẹsì kan níbẹ̀ tó fẹ́ jinná!"

"Wá jẹ ẹ́ bó o bá láyà!" ìkòkò ọbẹ̀ náà dáhùn, ó sì yìnbọn sí i láti abẹ́ igi. Kò bà á.

Marlys pàápàá ń rẹ́rìn-ín. Ó sáré, ó dọ̀bálẹ̀ nínú ewé gbígbẹ, ọta bà á lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin ló sì pariwo. Wọ́n jẹ ọbẹ̀ ẹran múùsì, àgbọ̀nrín ńlá ibẹ̀, lọ́sàn-án, wọ́n padà sínú igbó.

Ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Desmond fẹsẹ̀ kọ gbòǹgbò, ó ṣubú, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wú. Wọ́n gbé e wá sábẹ́ àtíbàbà.

"Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n," Amundsen sọ pẹ̀lẹ́. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Marlys yíjú sí àwọn ará iyanrìn tó wà nítòsí. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni gbogbo ẹgbẹ́ wọn, ṣùgbọ́n aró ti tán nínú ìkòkò. Kò tíì la ẹnu tán tí Màmá Raili fi yọ awò ìdáàbòbò lójú Desmond, tó fi sójú ara rẹ̀, tó sì mú ìbọn rẹ̀.

"Ẹ wo ọwọ́ mi," ó na apá ewé rẹ̀ méjèèjì sí Amundsen. "Ta ló tún jẹ́ ewé jù mí lọ níbí? Ẹ kà mí."

Amundsen wò ó láti òkè délẹ̀. "Ọgbọ̀n," ó ní.

Màmá Raili kò sáré. Ó rọra ń lọ láàárín igi bí ẹni tó ń já èso inú igbó, ó sì jókòó sórí kùkùté kan. Ní bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí òpin eré, Garnet ń fẹ̀yìn rìn bọ̀ níbẹ̀, ó ń wá èéfín. Màmá Raili yìnbọn lù ú ní ìdí. Kò sẹ́lòmíràn níbẹ̀. Bí Garnet bá dákẹ́, ta ni ì bá mọ̀?

"Ó bà mí!" Garnet fi gbogbo ọ̀fun kígbe. "Ẹ gbà mí o! Ìyá àgbà ti pa mí!"

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi," Màmá Raili ní. "Lọ jẹ búrẹ́dì."

Aago mẹ́ta lù. Toivo fun fèrè títí èémí fi tán nínú rẹ̀, ó sinmi, ó tún un fun. Gbogbo igbó hó. Wọ́n gbé Màmá Raili sókè, ó sì fi ọwọ́ kun ojú gbogbo ẹni tó gbé e. Amundsen dìde, ó bọ Marlys lọ́wọ́. Ọwọ́ tirẹ̀ náà di ewé.

Mọ́tò náà dé ní ọjọ́ kejì oṣù kejìlá, funfun, ó ní ẹ̀rọ amúlégbóná méjì, Toivo sì jókòó níwájú lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ní gbogbo ìgbà òtútù náà, kò sí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn márùn-ún náà kò lọ.

Ẹgbẹ́ ewé pàdánù eré náà, àsíá mẹ́rin sí ọ̀kan. Nígbà tí Marlys délé, ó da inú àpò jákẹ́ẹ̀tì náà síta. Iyanrìn Kandahar ti wà ní ìsàlẹ̀ àpò méjèèjì láti ọdún 2008, kò tó ṣíbí kan. Ó ti bá omi aró lọ.