Ọmọ Birago Tó Wà ní Jámánì

"A ti fún ọ lómi," ni Agyapong wí, ó tún aṣọ rẹ̀ gbé lé èjìká. "Ní ọ̀dọ̀ tiwa níbí, àlàáfíà ni. Ìwọ lo rìn wá, ọmọ mi. Ṣé kò sí o?"

Birago ti bẹ àlejò náà lẹ́nu ọ̀nà pé kó jẹ́ káwọn lọ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilé, àmọ́ Agyapong ẹ̀gbọ́n rẹ̀, olórí ẹbí, ti rí wọn, ó sì ti ní kí wọ́n bu omi wá. Ẹni tó bá sì ti mu omi nílé àwa Aṣanti, ojú gbogbo agboolé ni yóò ti jíṣẹ́. Yéè, Birago, ta ni yóò gbà ọ́ báyìí?

"Ansa lorúkọ mi, bàbá. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ Duodu ló gbé mi wá, èyí tó jí ewúrẹ́."

Ìró odó fùfú dákẹ́ lójijì.

"Ewúrẹ́ kẹ̀?" Foriwaa, ìyàwó Agyapong, bú sẹ́rìn-ín. "Duodu tiwa wà ní Jámánì! Nígbà ìsìnkú ọjọ́sí, ṣebí wọ́n fi gbohùngbohùn kéde owó tó fi ránṣẹ́. " Ó kọjú sí Birago. "Ìyá Jámánì, àbí mo purọ́?"

Ansa kò rẹ́rìn-ín. "Láti ìgbà ìjọba òyìnbó la ti ń kó olè ewúrẹ́ mọ́ apànìyàn. Wọ́n á jáde tán, wọ́n á wá burú ju bí wọ́n ṣe wọlé lọ. Ó ti sú àwa náà. Wọ́n ti gbà kí Duodu wá máa gbálẹ̀ ní ibùdókọ̀ yín níbí, kó máa sùn nílé, títí ìyà rẹ̀ yóò fi pé. Àmọ́ ẹbí gbọ́dọ̀ dúró fún un. Bí kò bá sẹ́ni tó dúró, inú ẹ̀wọ̀n náà ni yóò wà."

"Birago," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè é jẹ́jẹ́, "ṣé o mọ ọmọ yìí?"

"N kò mọ̀ ọ́n." Ó ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀.

Ansa dìde. "Ó dáa, màmá. Ó ti sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ lẹ máa wí. Ó ní kí n má yọ yín lẹ́nu, pé ojú ti tì yín tó nítorí òun."

Ojú wá ti Birago gan-an. Ká ní ilẹ̀ lanu, ì bá wọ̀ ọ́. Ti ewúrẹ́ kọ́ mọ́. Ọmọ tó ń bo àṣírí rẹ̀ láti inú ẹ̀wọ̀n lòun sẹ́ lójú gbogbo ayé yìí!

"Jókòó, ọ̀gá." Birago di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ọmọ mi ni. Kò dé Jámánì rí. Èmi ni mo ń fi orúkọ rẹ̀ dáwó. Kó máa bọ̀ wálé."

Foriwaa pàtẹ́wọ́, ó tún bú sẹ́rìn-ín. "Héè! Jámánì ti di ibùdókọ̀!"

Birago yíjú sí i. Omijé ń dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

"Rẹ́rìn-ín dáadáa, ìyàwó wa," ó ní. "Rín in tán lónìí. Bí ọmọ mi bá dé, n kò fẹ́ kó bá ẹ̀rín yẹn nílé."