Èbúté Tí Iyanrìn Gbé Mì

Ó-ń-bọ̀-lọ́nà ni wọ́n ń pè é ní èbúté, bẹ́ẹ̀ òun kọ́ ló sọ ara rẹ̀ lórúkọ. Látìgbà tí ìjì ti wó ògiri òkúta tó ń dá ìgbì dúró, tí iyanrìn sì ń dí ẹnu èbúté, òun ni àwọn apẹja yàn láti máa bá ìjọba sọ̀rọ̀. Tó bá ti ìlú ńlá dé, tí wọ́n bi í pé owó àtúnṣe ńkọ́, èsì kan náà ni: "Ó ń bọ̀ lọ́nà." Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, àwọn ọ̀dọ́ sọ èsì náà di orúkọ mọ́ ọn lára. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá, bí inú bá ń bí i, a máa fi pè é.

Ẹ má rò pé ìjọba ò wá o. Wọ́n wá. Wọ́n na okùn ìwọ̀n, wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sára òkúta, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n jẹ ẹja, wọ́n sì di díẹ̀ lọ sílé. Ìjọba yẹn lọ, òmíràn dé, èyí tó dé ní àfi kí àwọn tún ibẹ̀ wọ̀n. Iyanrìn ní tirẹ̀ kò dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tó yá, bí omi bá ti fà, ọkọ̀ ò lè wọlé mọ́. Àwọn tó ti òkun dé á dúró sórí ìgbì bí ẹni tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ síta, ẹja wọn á sì máa rọ̀ nínú oòrùn.

Lọ́kọ̀ọ̀kan ni àwọn ọlọ́kọ̀ ń kó lọ sí èbúté ńlá tó wà nísàlẹ̀ etíkun. Ilé yìnyín, níbi tí wọ́n ti ń ra yìnyín sórí ẹja, ti ilẹ̀kùn. Ni àbúrò Ó-ń-bọ̀-lọ́nà, tí àwọn méjèèjì jọ ni ọkọ̀ tí bàbá wọn fi sílẹ̀, bá wá bá a níbi tó ti ń tún àwọ̀n ṣe.

"Ẹ̀gbọ́n, bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran o. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Ọdún yìí nìkan. Wọ́n ti kọ ọ́ sínú ètò ìnáwó, mo fojú mi rí i."

"Ẹ fojú yín rí i léṣìí náà."

"Ta ló ń kó kúrò nílé bàbá ẹ̀ torí pé òrùlé ń jò?"

Àbúrò wò ó títí, ó mí kanlẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n," ló wí. Ó jókòó, ó bá a di etí kejì àwọ̀n náà mú.

Ibà ló dá Ó-ń-bọ̀-lọ́nà dúró sílé lọ́jọ́ tí ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀. Àbúrò rẹ̀ àti atukọ̀ méjì ló lọ sókun. Lọ́sàn-án, ìjì dé lójijì, omi sì ti fà. Gbogbo ará èbúté tú síta. Ó-ń-bọ̀-lọ́nà sáré wérewère dé etí omi, ó ṣí fìlà, ó ń fì í sí wọn kí wọ́n padà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ibo ni wọ́n fẹ́ padà sí? Ikú ló wà lẹ́yìn wọn. Ìdí ọkọ̀ gbá iyanrìn, ìgbì gbé ìrù rẹ̀ sókè, ó sì dojú rẹ̀ dé. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Àwọn atukọ̀ lúwẹ̀ẹ́ jáde. Àbúrò há sáàárín ọkọ̀ àti òkúta, àfìgbà tí wọ́n fi okùn fà á yọ.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan nísàlẹ̀ orúnkún. Kò bú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ì bá tiẹ̀ bú u, ara ì bá tu ẹ̀gbọ́n díẹ̀. Nígbà tí egbò jinná, àbúrò kó ìyàwó àtọmọ lọ sí ìlú ńlá, wọ́n sì gbà á sí iṣẹ́ ṣíṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní ilé ìkẹ́rù kan.

Ó-ń-bọ̀-lọ́nà tún gba ọ́fíìsì ìjọba lọ. Obìnrin tó wà nídìí tábìlì fún un ní àga àti omi tútù.

"Bàbá, owó yẹn ti jáde."

Ó ti fẹ́ dìde dúpẹ́.

"Ṣùgbọ́n èbúté ńlá ni wọ́n gbé e fún. Wọ́n ní ọkọ̀ tó kù lọ́dọ̀ yín ò tó nǹkan, pé àwọn ò lè náwó sórí èbúté tí ò ní ọkọ̀."

"Ọmọ mi, torí pé owó ò dé lọkọ̀ ò fi sí."

"Mo mọ̀, bàbá. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn." Ó sì tẹjú mọ́ ìka ọwọ́ ara rẹ̀.

Ó ti ń to ìjà sílẹ̀ látilé, ó wá débẹ̀, kò rẹ́ni bá jà.

Nígbà tó délé, àwọn àgbà díẹ̀ tó kù jókòó dè é lábẹ́ àtíbàbà. Ó sọ bó ṣe gbọ́ ọ fún wọn. Ẹnì kan gbọn iyanrìn ìdí ṣòkòtò rẹ̀, ó dìde, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù.

"Ṣé wọ́n ṣì ń wá ẹni tó máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà níbẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ní lè dúró látàárọ̀ dalẹ́."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Wọ́n fún mi lága nítorí ẹsẹ̀."

Ó-ń-bọ̀-lọ́nà kò gbé fóònù kúrò létí. Lẹ́yìn náà ni àbúrò sọ jẹ́jẹ́ pé, "Màá bi wọ́n bóyá àga mìíràn wà."