Ta Ni Yóò Lọ Wo Irin Afárá?

Ìpàdé àwọn tó ń tọ́jú ọ̀nà òkè ní abúlé Lauvdal ò tíì lọ jìnnà tí Trym, alága wọn, fi ní kí wọ́n yọ afárá odò Kvitåi kúrò nínú iṣẹ́ ọdún yìí. Ó ní yìnyín ti pọ̀ jù lókè. Ó ní irin mẹ́rin tó máa ń di afárá náà mú lè ti bàjẹ́ lásìkò òtútù, kò sì sẹ́ni tó lè débẹ̀ lọ wò wọ́n kí hẹlikọ́pítà tó wá kó pákó afárá lọ sókè ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹfà. Bí ẹnikẹ́ni ò bá wo irin, pákó ò ní lọ. Bí pákó ò bá sì lọ, wọn á pa ọ̀nà náà rẹ́ lórí máàpù. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni ń sọ pé kí wọ́n pààrọ̀ gílóòbù iná.

Jorunn wà ní ìjókòó iwájú. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lobìnrin yìí fi ṣáájú ọ̀wẹ̀ afárá náà. Bí yìnyín bá ń yọ́, wọ́n á lọ tẹ́ ẹ. Bí òtútù bá tún ń bọ̀, wọ́n á lọ ká a kúrò, torí Kvitåi kì í dá pákó sí. Ní oṣù kejì ni wọ́n fi irin rọ́pò eegun ìbàdí rẹ̀ ọ̀tún. Kó tó jáde ní ọsibítù, wọ́n ti fi Trym jẹ alága dípò rẹ̀. Wọ́n ní Jorunn ti di ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, kó lọ sinmi. Ẹ gbọ́ o, sinmi! Bí wọ́n bá bú u ní olè, kò ní dùn ún tó yẹn.

Ọ̀nà tó gba orí Kvitåi kọjá yẹn kì í sì í ṣe ọ̀nà lásán lójú rẹ̀. Ọ̀nà tí ìyá rẹ̀ gbà wá sílé ọkọ ni. Láti àfonífojì kejì lọ́hùn-ún ni ìyá náà ti ru ẹrù rẹ̀ lẹ́yìn, tó sọdá òkè, tó wá di ará Lauvdal. Ẹ wá fẹ́ kó jókòó kí wọ́n fi ìrésà pa á rẹ́?

Trym yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí wọn. "Ẹ fojú yín rí i. Yìnyín tó wà níbẹ̀ báyìí, ìlọ́po mẹ́ta iye tó máa ń wà lásìkò yìí ni. Ìlọ́po mẹ́ta!"

Àwọn èèyàn ń mi orí. Jorunn bú sẹ́rìn-ín.

"Ìlọ́po mẹ́ta kí ni, Trym?"

"Iye tó máa ń wà, Jorunn."

"Èló ló máa ń wà?"

Trym wo kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà náà ń wò ó. Ọdún kejì rẹ̀ nìyí ní Lauvdal. Bàtà òkè ló ń tà, bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ sì ń dán gbinrin.

"Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà, yìnyín etí Kvitåi kì í ju ìka mẹ́rin lọ," Jorunn sọ. "Ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ ò tíì dé orúnkún. Bí ilé kan bá máa ń gbàlejò kan, tí àlejò mẹ́ta wá yà síbẹ̀ lónìí, ṣé ogun ló ti kó ìlú yẹn?"

Ẹ̀rín sọ nínú yàrá. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà kúkú ni: bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ṣùgbọ́n Trym náà kì í ṣe òmùgọ̀.

"Ó dáa, ẹ ti fi kọ̀ǹpútà mi ṣe yẹ̀yẹ́," ó ní. "Àmọ́ ẹ̀yin náà ẹ ò rí irin yẹn. Kò sẹ́ni tó rí i. Mi ò lè fi ẹ̀mí èèyàn lé orí irin tí ẹnì kankan ò rí."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn, òótọ́ náà ló sì ta Jorunn bí ata. Ó dìde, ó fọwọ́ di ìbàdí mú.

"Màá lọ rí i. Ẹ dúró dè mí di ìpàdé Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀."

Ẹnì kan húkọ́ lẹ́yìn. Ẹlòmíràn ń fẹnu lásán rẹ́rìn-ín. Jorunn kó ẹ̀wù rẹ̀, ó jáde.

Lọ́jọ́ kejì, Åshild ọmọ rẹ̀ wọ kíṣìnnì bá a. Nọ́ọ̀sì ni Åshild, ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ kó tó dé etígbọ̀ọ́ rẹ̀. Ó bá máàpù lórí tábìlì, báàgì ẹ̀yìn lórí ìwọ̀n, àáké yìnyín sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ ṣúgà.

"Màmá, kí lẹ fẹ́ fi àáké yẹn ṣe?"

"Mo fẹ́ fi ro oko."

"Màmá!"

"O bi mí ní ìbéèrè òmùgọ̀, mo fún ẹ ní èsì ẹ̀. Jókòó, kọfí wà níná."

Åshild ò jókòó. Jorunn bá fi pẹ́ńsù tọ ọ̀nà fún un lórí máàpù. Ọjọ́ kìíní, yóò rìn dé ahéré Tverrbu. Ẹ̀gbẹ́ òkè tí oòrùn ń kọjú sí ni, yìnyín ibẹ̀ ti tán. Ọjọ́ kejì, yóò jáde ní ahéré láago mẹ́ta ìdájí, nígbà tí yìnyín ṣì le bíi pákó tí èèyàn lè tẹ̀ ẹ́ kọjá. Aago mẹ́fà, ó ti dé Kvitåi. Aago mẹ́wàá, ó gbọ́dọ̀ ti padà sí Tverrbu, torí bí oòrùn bá ti mú, yìnyín á rọ̀, ẹsẹ̀ á sì máa wọlé dé itan. Ọjọ́ kẹta, ilé.

"Abẹ́ òkè Skarvnut ńkọ́?" Åshild bi í. "Ibi tí yìnyín ti máa ń ya lulẹ̀ gbì?"

"Mi ò gba abẹ́ ẹ̀. Wo pẹ́ńsù dáadáa, mo yí i ká."

"Ó fi wákàtí kan jìn sí i."

"Mo ti fẹ̀yìn tì. Kí ni mo fẹ́ fi wákàtí ṣe?"

Åshild wá bọ́ sórí ohun tó mọ̀ jù. "Dókítà ní báàgì yín ò gbọdọ̀ ju kílò mẹ́jọ lọ." Ó wo ìwọ̀n. "Mọ́kànlá nìyí."

Ìyẹn gan-an ló ti ń bá Jorunn jà láti àárọ̀. Ó yọ ṣòkòtò kejì. Ó yọ ìwé tó fẹ́ kà. Åshild nawọ́ yọ wàràkàṣì ewúrẹ́, Jorunn gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó dá a padà. Ó kúkú gbé ẹran àgùntàn gbígbẹ sílẹ̀, ojú sì ro ó. Åshild yọ ìkòkò kọfí.

"Fi ìyẹn sílẹ̀ bí o bá fẹ́ ká máa pe ara wa ní ìyá àti ọmọ."

Kílò mẹ́sàn-án. Ó yọ ọsàn mẹ́fà, ó ku méjì. Ó da ṣokoléètì sórí tábìlì, ó yan ẹyọ mẹ́rin. Mẹ́jọ ààbọ̀. Ó bọ́ sẹ́yìn, ó wò ó, ó tún yọ ọsàn méjì tó kù.

Åshild jókòó nígbà náà, omi sì lé ròrò sí i lójú. "Gbogbo wa la kọ́ òfin òkè níléèwé, Màmá. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi nílé pàápàá. Kò sí ìtìjú nínú kí èèyàn padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà."

"Láti ibo? Láti kíṣìnnì?" Jorunn gbá tábìlì. "Ẹni tí ò tíì jáde nílé, ibo ló ti fẹ́ padà? Òfin ní kéèyàn mọ ìgbà tó yẹ kó padà. Kò ní kéèyàn má lọ!"

"Ẹ̀rù ń bà mí ni!"

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ta ló sọ fún ẹ pé kò bà mí? Ṣùgbọ́n bí mo bá jókòó, kí n tó mọ̀, wọ́n á ti pa ọ̀nà rẹ́, wọ́n á ti pa èmi náà rẹ́ tẹ̀lé e. Mi ò tíì kú, Åshild."

Nígbà tó yá, Åshild nu imú, ó ní ó dáa, àmọ́ bí aago méjì ọ̀sán ọjọ́ kejì bá lù tí òun ò gbóhùn ìyá òun láti Tverrbu, òun á pe àwọn tó ń gba èèyàn là lórí òkè, àti hẹlikọ́pítà, àti ajá. Jorunn kọ aago méjì sórí ìwé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì. Àdéhùn ni.

Títí dé Kvitåi, gbogbo ohun tó fi pẹ́ńsù kọ ló rí bó ṣe kọ ọ́. Aago mẹ́ta ìdájí, ojú ọ̀run ti mọ́ gbòò, torí òru oṣù kẹfà kì í pẹ́ lọ́hùn-ún, yìnyín le, irin eléyín tó dè mọ́ bàtà rẹ̀ ń bu ún jẹ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ìbàdí ń ro ó, ó jẹ́ kó máa ro. Ó fi ọ̀pá méjèèjì tẹlẹ̀, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ń bú Trym níbi tí Trym ò ti lè gbọ́. Ó dé Kvitåi láago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Yìnyín ò tó orúnkún. Ó yọ àáké, ó gbẹ́ irin méjì tó wà lápá ibi tó dúró sí. Ó ta wọ́n nípàá, ó fara tì wọ́n. Gbọn-in! Kò sí èyí tó mì.

Ó ku méjì tòdìkejì. Yìnyín ló bo odò láti bèbè kan dé èkejì, funfun, pẹrẹsẹ, bí ẹni pé ẹnì kan ti tẹ́ afárá dè é. Lọ́jọ́ tí Jorunn ṣì wà ní ọ̀dọ́, ì bá ti rìn kọjá kó tó ronú. Ó na ọ̀pá rẹ̀, ó fi gún un. Ọ̀pá náà wọlé títí dé ibi ìdìmú, kò kan nǹkan kan. Ó fà á yọ, ó yọjú wo ihò náà: omi dúdú ń sáré lábẹ́.

Inú bí i débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ó bú odò náà. Ó bú u tìyá tìyá, ó bú u dáadáa. Lẹ́yìn náà ó jókòó lórí báàgì, ó yọ awò awọ̀nàjíjìn, ó sì wá irin lódìkejì. Ó rí ọ̀kan, ó dúró ṣánṣán. Ó wá èkejì títí. Kùkùté rẹ̀ ló kù, òkúta ńlá kan jókòó tì í bíi pé òun kọ́ ló ṣe é.

Jorunn gbé awò sílẹ̀. Kò sẹ́lòmíràn níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa wá síbẹ̀ kí hẹlikọ́pítà tó gbéra. Bó bá sọ pé irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé, ta ni yóò já a nírọ́? Pákó á lọ, ọ̀nà á wà lórí máàpù, Trym á gbé ẹnu rẹ̀ dákẹ́. Mi ò ní purọ́ fún un yín, ó rò ó. Ó rò ó tó ìgbà tí èèyàn fi ń jẹ ṣokoléètì kan tán. Ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ ló máa tẹ pákó yẹn. Ó ya irin tó ṣẹ́ náà ní fọ́tò, ó ṣẹ́rí padà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ yìnyín dé itan lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé Tverrbu. Ó fi ìkúnlẹ̀ àti èébú jáde. Aago mọ́kànlá ni Åshild gbóhùn rẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, gbogbo ìjókòó ló kún. Jorunn fi fọ́tò náà sórí tábìlì.

"Yìnyín ò dé orúnkún. Irin mẹ́ta wà. Ọ̀kan ti ṣẹ́."

Trym mú fọ́tò náà, ó mí kanlẹ̀. "Mo kúkú sọ bẹ́ẹ̀."

"O sọ ọ́. Èmi rí i. Ká ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló pé, bákan náà lo máa sọ ọ́."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa nǹkan kan yọ nínú báàgì, ó gbé e kalẹ̀ gbàgà, kọ́ọ̀bù kọfí fò sókè. Irin tuntun ni, alágbẹ̀dẹ Lauvdal ti rọ ọ́ láti ọjọ́ Ajé.

"Kọ pákó sínú ìwé hẹlikọ́pítà. Kọ ọ̀wẹ̀ sí ọjọ́ kẹtàdínlógún. Orúkọ mi ni kó ṣáájú."

Ọwọ́ kan gbéra lẹ́yìn láti bá a lọ, ti Åshild ni. Òmíràn gbéra. Nígbà tí wọ́n fi máa kà á, ó ti pé mẹ́sàn-án. Trym wo ọwọ́, ó wo irin, ó wo ìbàdí obìnrin náà. Ọ̀rọ̀ tó wá sọ kì í ṣe láti fi gún un lára. Ó dà bíi pé ó dùn ún lóòótọ́.

"Jorunn, bí ìbàdí yẹn bá wá yẹ̀ mọ́ yín lára lódìkejì odò ńkọ́?"

"Ẹ ó gbé mi gba orí afárá wálé," Jorunn dá a lóhùn. "Kí lo rò pé à ń tẹ́ ẹ fún?"

Trym ṣí bírò, ó sì kọ ọ́.